Ìtàn Ìgbésí Ayé Hattie McDaniel, Ènìyàn Dúdú Àkọ́kọ́ Tí Ó Gba Ẹ̀bùn Oscar

Inú ìwé ọdọọdún irú èyí ni a ti máa ń ka ìtàn àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n ti re ibi àgbà í rè, kí àwọn ọmọ wa lè fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe, kí àwa àgbà pàápàá sì lè fi ìtàn wọn ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún yìí, a ti pinnu láti sọ ìtàn obìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, tí kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ti fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ láàrin àwọn tí kò kà á sí, ó sì kan gbogbo ìlú tí ó bá ní ọmọ tí ń gba iyì wálé.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan nínú wa, tí kì í wo sinimá, béèrè pé kí ni à ń pè ní Oscar. Ní ọdún 1927, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sinimá ní Hollywood, ní ìpínlẹ̀ California ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Academy. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1929, wọ́n jẹun alẹ́ pọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Roosevelt, wọ́n sì fi ẹ̀bùn dá àwọn tí iṣẹ́ wọn yọrí jù lọ́lá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni pípín ẹ̀bùn náà gbà wọ́n. Ère ọkùnrin kan tí ó di idà mú ni ẹ̀bùn ọ̀hún, gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́tàlá àbọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bùn yìí ti di ohun tí gbogbo òṣèré ayé ń lépa. Nígbà tí ó di ọdún 1937, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọlá fún àwọn òṣèré tí wọ́n ń ti olú òṣèré lẹ́yìn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n wọn kò fún àwọn wọ̀nyí ní odindi ère. Pátákó kékeré tí wọ́n ya àwòrán ère náà sí ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ pátákó kékeré yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a níwájú.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1893 ni a bí Hattie McDaniel ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́tàlá. Inú oko ẹrú ni a bí Henry, baba rẹ̀, sí. Nígbà tí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun láàrin ọdún 1861 sí 1865 nítorí ọ̀ràn ẹrú, Henry gbé ìbọn, ó bá àwọn ará àríwá jà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó fi ara gba ọgbẹ́ tí kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ agbára dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní owó ìfẹ̀yìntì tí ó tọ́ sí ọmọ ogun tí ó fara pa, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Susan, ìyá rẹ̀, jẹ́ olórin nínú ìjọ Ọlọ́run, a sì máa ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíràn kí ọmọ lè rí jẹ. Nínú irú ilé báyìí ni Hattie dàgbà sí. Ó gbọ́ orin láti àárọ̀ ọjọ́, ó sì tètè mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ ńlá fún orílẹ̀-èdè kí ó má tètè rí èrè rẹ̀ gbà.

Nígbà tí ó ṣì kéré, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n sì fi ìlú Denver ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni Hattie ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ọmọ dúdú kò ti pọ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò pẹ́ mọ̀ pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn ohùn àti ti ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 1910, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń gbógun ti ọtí líle ṣe ìdíje ewì kíkà, Hattie wọ inú rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà. Ọmọ ọdún 17 ni ó jẹ́ nígbà náà. Láìpẹ́ ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1914, òun àti Etta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dá ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn sílẹ̀, obìnrin nìkan ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà rẹ̀ dán láti ìgbà náà lọ. Ọkọ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ kú ní ọdún 1915. Otis ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ òpómúléró eré ìdílé wọn, kú ní ọdún 1916. Hattie kò jókòó tì í. Láàrin ọdún 1920 sí 1925, ó ń bá ẹgbẹ́ olórin Ọ̀gbẹ́ni George Morrison ti Denver kọrin káàkiri. Ó kọrin lórí rédíò ní ìlú Denver ní àkókò tí rédíò fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tuntun, ó sì ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù díẹ̀ láàrin ọdún 1926 sí 1929.

Ní òpin ọdún 1929 ni ọ̀wọ́n owó ńlá dé bá Amẹ́ríkà àti gbogbo ayé. Ilé eré ń ti ilẹ̀kùn, àwọn òṣèré kò rí iṣẹ́ ṣe. Ìlú Milwaukee ni ilẹ̀ ṣú Hattie sí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó rí ni pé kí ó máa dúró ní ilé ìtọ́ ilé ìgbafẹ́ kan tí a ń pè ní Club Madrid, kí ó máa fún àwọn obìnrin ní aṣọ ìnuwọ́. Òyìnbó ni ó ń wá gbádùn níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó yá, wọ́n gbà fún un kí ó bọ́ sí orí pèpéle kọrin. Bí ó ti la ẹnu, gbogbo ilé pa rọ́rọ́, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, ó di olórin ilé ìgbafẹ́ náà, kò padà sí ìdí aṣọ ìnuwọ́ mọ́.

Ní ọdún 1931, ó wọkọ̀ lọ sí Los Angeles, níbi tí Sam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ bá ará ilé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù rí yóò mọ bí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ti rí. Sam ń ṣe eré lórí rédíò, ó mú àbúrò rẹ̀ wọlé, Hattie sì ń ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ń jẹ gàba lé ọ̀gá lórí. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lórí rédíò tán, yóò lọ ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní tòótọ́ nílé onílé, yóò fọ aṣọ, yóò sì se oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó tún lè kọ́ ọ ní ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Ní ọdún 1932 ni a kọ́kọ́ rí i nínú sinimá. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ń tẹ̀lé iṣẹ́. Ó bá Will Rogers kọrin nínú Judge Priest ní ọdún 1934. Ó wà nínú Alice Adams àti The Little Colonel ní ọdún 1935. Ní ọdún 1936, ó wà nínú Show Boat pẹ̀lú Paul Robeson, akọni olórin dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá tí ó ṣe, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré. Ipò tí wọ́n sì ń fi í sí kò yí padà: ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí alásè, tàbí olùtọ́jú ọmọ. Kò sí ipò mìíràn tí àwọn oní-sinimá ìgbà náà ń fi obìnrin dúdú sí. Ṣùgbọ́n ó ní bí ó ti ń ṣe tirẹ̀. Kì í tẹrí ba bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. A máa wo ọ̀gá lójú, a máa bá a wí, a sì máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń kùn pé àṣejù rẹ̀ ti pọ̀.

A dé ibi tí ìtàn yìí ti gbóná. Ní ọdún 1936, obìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret Mitchell kọ ìwé kan tí ó pè ní Gone with the Wind, tí í ṣe ìtàn ìdílé olówó kan ní ìpínlẹ̀ Georgia nígbà ogun abẹ́lé. Ìwé náà tà bí ẹni ta omi lọ́jọ́ ọ̀dá. Ọ̀gbẹ́ni David Selznick ra ẹ̀tọ́ láti fi í ṣe sinimá. Ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú ni ó ń wá ipò Mammy, ẹrú àgbà tí ó tọ́ Scarlett, ọmọ ilé náà, dàgbà. Ìyáàfin Eleanor Roosevelt, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà, tilẹ̀ kọ̀wé sí Selznick pé kí ó gbé ọmọ ọ̀dọ̀ òun yẹ̀ wò. Hattie wọ aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀, ó lọ síwájú àwọn tí ń yan òṣèré, ipò náà sì di tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo sinimá náà kò ní gbàgbé ibi kan tí ó sún mọ́ ìparí rẹ̀. Ọmọdébìnrin ilé náà ti ṣubú lórí ẹṣin, ó ti kú, baba àti ìyá sì ń fi ọ̀rọ̀ kòbákùngbé gún ara wọn lọ́kàn. Mammy mú àlejò wọn, Melanie, gun àkàbà ilé lọ sókè, ó sì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń lọ. Ẹsẹ̀ kan, omijé kan. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí orin ńlá, àfi ohùn obìnrin àgbà kan tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Olivia de Havilland ni ó ṣe Melanie. Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ gun àkàbà yìí ni wọ́n wá ń du ẹ̀bùn kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1939, wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà han àwọn ènìyàn ní ìlú Atlanta, olú ìlú Georgia. Àríyá ńlá ni. Ṣùgbọ́n òfin Georgia ìgbà náà ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, nítorí náà wọn kò gba Hattie àti àwọn òṣèré dúdú yòókù láyè láti wọ ilé sinimá náà. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri aṣọ, ohùn rẹ̀ ń dún ní etí gbogbo ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Clark Gable, olú òṣèrékùnrin, bínú, ó ní bí kò bá ní sí níbẹ̀, òun náà kò lọ. Hattie ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ.

Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, ọjọ́ tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń yọjú, ni wọ́n pín ẹ̀bùn Oscar ní òtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles. Òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba ènìyàn dúdú. Selznick ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí Hattie wọlé. Àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì ńlá níwájú, wọ́n sì fi òun sí ìdí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níkangun, òun àti ọkùnrin tí ó sìn ín wá àti aṣojú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ aṣọ àwọ̀ búlúù, ó fi òdòdó funfun sí irun. Nígbà tí Fay Bainter pe orúkọ rẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó dìde láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rìn kọjá láàrin gbogbo wọn, ó sì gba pátákó náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́, ó sì ní ìrètí òun ni pé òun yóò máa jẹ́ ohun ìyangàn fún ìran òun àti fún iṣẹ́ sinimá. Omijé kò jẹ́ kí ó lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà sí ìdí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Sinimá náà gba ẹ̀bùn mẹ́jọ tí wọ́n dù ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tún gba méjì tí wọ́n fi bọlá fún un lọ́tọ̀. Ẹ̀bùn Hattie ni àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn dúdú yóò gbà láti ìgbà tí wọ́n ti dá Oscar sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé gbogbo ènìyàn dúdú ni yóò jó. Ọ̀pọ̀ jó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan bínú, wọn kò sì bínú lásán. Sinimá náà fi oko ẹrú hàn bí ibi ayọ̀, ó fi ẹrú hàn bí ẹni tí ìdè rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ní àwọn ìlú kan, àwọn ènìyàn dúdú gbé pátákó dúró síwájú ilé sinimá láti kọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Walter White, olórí ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn oní-sinimá ní Hollywood ní ọdún 1942, ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi ènìyàn dúdú ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti aláwàdà nígbà gbogbo. Ó dun Hattie, nítorí ó rí i bí ẹni pé òun ni wọ́n ń nàka sí. Ìdáhùn rẹ̀, tí ó sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ni pé ó sàn kí òun máa gba owó ńlá fún ṣíṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ ju kí òun máa gba owó táṣẹ́rẹ́ fún jíjẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Ta ni ó jàre nínú wọn? A ti rò ó títí, a kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òótọ́ ni White sọ: àwòrán tí a bá ń fi han gbogbo ayé lójoojúmọ́ yóò di ohun tí ayé gbàgbọ́, àwọn ọmọ wa pàápàá yóò sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Hattie náà sọ. Ẹni tí ó dúró ní ilé ìtọ́ òtòṣì tí ń na aṣọ ìnuwọ́ mọ ohun tí ebi jẹ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì gba ibẹ̀ wọlé láìfi orí kan ìlẹ̀kùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí White kò bá jà, ilẹ̀kùn mìíràn kì bá ṣí. Bí Hattie kò bá wọlé, àwọn tí ó wà nínú ilé kì bá mọ̀ pé ènìyàn dúdú lè ṣe iṣẹ́ náà dójú àmì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ojo ni obìnrin náà, kí ó gbọ́ ti ilé rẹ̀. Ó ra ilé ńlá kan ní àdúgbò kan ní Los Angeles tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill, àwọn ènìyàn dúdú mìíràn tí wọ́n lọ́wọ́ lọ́wọ́ náà sì ń ra ilé níbẹ̀, lára wọn ni Louise Beavers àti Ethel Waters tí wọ́n jẹ́ òṣèré bíi tirẹ̀. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ àdúgbò náà sọ pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Àwọn òyìnbó kan pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n lè lé wọn jáde. Hattie kò sá. Ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ sí ilé rẹ̀, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì gba agbẹjọ́rò dúdú kan, Loren Miller. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, Adájọ́ Thurmond Clarke lọ fi ojú ara rẹ̀ wo àdúgbò náà, lẹ́yìn èyí ni ó dá ẹjọ́ pé àkókò tó kí àwọn ènìyàn dúdú jẹ ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fún wọn ní kíkún. Ó da ẹjọ́ àwọn òyìnbó náà nù. Ní ọdún 1948, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ mìíràn pé kò sí kóòtù kankan tí ó gbọdọ̀ fi agbára mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Títí di òní, àwọn onímọ̀ òfin a máa dárúkọ ẹjọ́ Sugar Hill.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun ni ó ṣe olórí àwọn òṣèré dúdú tí ń lọ ṣeré fún àwọn ọmọ ogun dúdú ní àgọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà, ipò ọmọ ọ̀dọ̀ ń dín kù nínú sinimá, àwọn oní-sinimá kò sì fi ipò mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún un. Bí àwọn méjì bá ń jà, kì í ṣe àwọn nìkan ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó padà sí ìdí rédíò. Ní ọdún 1947, ó di olú òṣèré nínú eré kan tí ń jẹ́ Beulah. Ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin òyìnbó ni ó ń sín ohùn obìnrin dúdú jẹ nínú eré náà. Hattie ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olú òṣèré nínú eré rédíò tí gbogbo Amẹ́ríkà ń gbọ́, kò sì gbà kí wọ́n fi òun sọ ọ̀rọ̀ wọ́gọwọ̀gọ tí wọ́n máa ń fi sí ènìyàn dúdú lẹ́nu. Wọ́n gbé eré náà dé orí amóhùnmáwòrán, ó sì ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1951, kí àìsàn tó dá a dúró.

Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó fẹ́ ọkọ mẹ́rin láyé rẹ̀, kò sì bí ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1952, ó jáde láyé ní ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ sinimá ní Woodland Hills, ní California. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi pósí funfun sin òun, kí òdòdó funfun wà ní irun òun àti ní ọwọ́ òun, kí wọ́n sì sin òun sí itẹ́ òkú Hollywood, láàrin àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó ni itẹ́ náà kọ̀, nítorí pé wọn kì í sin ènìyàn dúdú síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kò gbà wọlé ní Atlanta, tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní Los Angeles, ni wọ́n tún dá padà ní ẹnu ọ̀nà itẹ́. Wọ́n sin ín sí itẹ́ Rosedale, èyí tí kì í ṣe ojúsàájú láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó tẹ̀lé òkú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ pátákó kékeré náà. Hattie fi í sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard ní Washington, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ènìyàn dúdú, níbi tí Dókítà Nnamdi Azikiwe náà ti kàwé nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò ogún rẹ̀ láti fi san gbèsè owó orí, àwọn tí ń ṣírò kọ ọ́ sílẹ̀ pé pátákó náà kò já mọ́ owó kankan. Ó dé Howard, wọ́n sì gbé e sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí i. Nígbà tí ó yá, a wá a tì. Ẹnì kan kò lè sọ ìgbà tí ó kúrò níbẹ̀ tàbí ẹni tí ó mú un. Ẹ̀bùn tí obìnrin kan rìn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ gbà nù mọ́ àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ayé ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 24 ni Sidney Poitier gba Oscar ti olú òṣèrékùnrin, ní ọdún 1964. Ó di ọdún 1991 kí obìnrin dúdú mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba irú èyí tí Hattie gbà, ó sì di ọdún 2002 kí Halle Berry tó gba ti olú òṣèrébìnrin. Ní ọdún 1999, itẹ́ òkú Hollywood, tí ó ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, fẹ́ gba òkú Hattie wálé. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí a hú u, nítorí náà wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un níbẹ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sára sítáǹbù. Ní ọdún 2010, nígbà tí Mo'Nique gba irú ẹ̀bùn kan náà, ó fi òdòdó funfun sí irun láti fi rántí rẹ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Níkẹyìn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Academy ṣe pátákó mìíràn, wọ́n sì fà á lé Howard lọ́wọ́ dípò èyí tí ó nù.

Ẹ̀yin ará, kí ni a rí kọ́? Àwọn olùkọ́ a máa sọ fún ọmọ pé kí ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ìtàn yìí sì fi ìyẹn hàn dájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ wá lára jù ni èyí: àwọn àjèjì lè fún ọmọ ẹni ní ẹ̀bùn, wọn kò lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Academy pe orúkọ Hattie ní alẹ́ ọjọ́ kan. Pípa orúkọ náà mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo inú ilé wa. Ìwé ẹ̀rí àwọn bàbá wa mélòó ni ikán ti jẹ nínú àjà? Àmì-ẹ̀yẹ àwọn ìyá wa mélòó ni àwọn ọmọdé ti fi ṣeré títí ó fi sọnù? A ń jiyàn nígbà mìíràn nípa ẹni tí ọlá tọ́ sí, nípa ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Ó dára kí a jiyàn, nítorí White pàápàá kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí a kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀ ná, kí a pa á mọ́ sí ibi tí ikán kò lè dé, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí wọn yóò jiyàn lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ dìde bí wọ́n bá pe orúkọ yín, ẹ rìn dé iwájú, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá gbà ránṣẹ́ sílé. Kí àwa tí a wà nílé má ṣe jẹ́ kí ó nù mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ìlú wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a ṣe ọdún mìíràn láyọ̀. Àmín.